Ẹ Wo Aago Kí Ẹ Tó Bú Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ rèé ní ọ̀sán Sátidé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níwájú àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò owó fún àwọn ọlọ́jà. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò. Ibi tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú ooru. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Láti ìgbà tí Windows 10 ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí wọn ò fún un ní update ọ̀fẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, gbogbo wa là ń gbé ẹ̀rọ oníbàárà bọ́ sórí Windows 11, àti tuntun àti tòkúnbọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìpè á wọlé: "Bọ̀dá, ó tún ti já o." Remote Desktop ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ètò tí èèyàn fi ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan lo òmíràn tó wà níbòmíràn. Ẹ ti rí i rí. Ẹ wọlé wẹ́rẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yọ sí yín, ẹ tẹ nǹkan méjì mẹ́ta, àwòrán dì gbagidi, gbogbo rẹ̀ ṣú. Páálí kékeré kan á wá yọ láàárín, á máa kà: ìgbìyànjú 1 nínú 20, ìgbìyànjú 2 nínú 20. Mo mọ ẹnì kan tó máa ń bá a kà á sókè.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Tó bá ń já, ẹ má tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ wo aago. Ẹ kọ àsìkò tó já sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó já. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó kéré tán. Àwọn nǹkan tó lè já Remote Desktop pọ̀, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àsìkò tirẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti ara mi bẹ̀rẹ̀, torí èmi gan-an ni mo ṣe é tì.

Màmá kan wà ní ìlú yìí tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní àpò-àpò. Kọ̀ǹpútà tí ìwé owó wọn wà nínú rẹ̀ wà lókè, ní yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àpò òfìfo sí. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣe ìṣirò jókòó sí ìsàlẹ̀ níwájú ìsọ̀, laptop ló fi ń wọ ti òkè. Ọdún méjì gbáko, kò sí wàhálà. Mo gbé ti òkè bọ́ sórí Windows 11, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi ń já.

Mo dé ibẹ̀, mo wo ògiri, mo wo ráútà, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tí eruku ìrẹsì ti bò, mo ní ráútà ló ti gbó. Wọ́n ra tuntun. Ó tún ń já. Mo ní ògiri ló nípọn jù fún Wi-Fi, a fa wáyà láti òkè wá sísàlẹ̀, a lu ògiri, eruku bo ẹ̀wà àwọn èèyàn. Ó tún ń já. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin yẹn ti ń sọ nǹkan kan fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kì í já o. Àfi tí mo bá dìde lọ bá wọn wọn ẹ̀wà fún oníbàárà. Tí mo bá fi máa padà dé, ó ti kú." Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi ná." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ti sọ bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà rí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì, ìwé ilé ẹ̀kọ́ olójú-ewé ọgọ́ta. Ó ti fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà: 10:42, 11:31, 1:17, 3:05. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ẹni tó ń dá lóhùn nígbà náà: ìyá alákàrà, ọkùnrin tó ra àpò méjì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba ìwé, mo gun òkè. Yàrá dákẹ́. Mo wo kọ̀ǹpútà: iná kékeré tó wà níwájú rẹ̀ ò tàn dúró, ṣe ló ń tàn díẹ̀díẹ̀, ó ń kú díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn tó ń mí lójú oorun. Mo sún mouse. Fáànù inú rẹ̀ bú jáde, ojú ẹ̀rọ là. Ẹ̀rọ ti sùn lọ!

Mo ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí (log ni wọ́n ń pè é), mo wọ Windows Logs, mo wọ System, mo wá Kernel-Power. Nọ́ńbà 42 ni ẹ̀rọ máa ń kọ síbẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ lọ sùn. Mo gbé ìwé ọmọbìnrin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí ó kọ 10:42 sí, ẹ̀rọ kọ 10:41. 11:31, 11:31. 1:17, 1:16. Ìwé bírò àti ìwé ẹ̀rọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, èmi nìkan ni mò ń sọ ti ráútà.

Ní ayé Windows 10, èmi ni mo fọwọ́ ara mi sọ fún ẹ̀rọ yẹn pé kó má sùn rárá. Lẹ́yìn upgrade, ètò yẹn ti padà sí ìṣẹ́jú 15, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbowó. Àṣẹ kan ṣoṣo ló parí ẹjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, bí alábòójútó, kí ẹ tẹ:

powercfg /change standby-timeout-ac 0

Òdo yẹn túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ sùn níwọ̀n ìgbà tó bá wà lórí iná. Ẹ tún wo Device Manager, ní abẹ́ káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ní Power Management. Ibi tó ti ń gba Windows láàyè láti pa káàdì náà kó lè ṣọ́ iná lò, ẹ yọ ààmì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ lè má sùn kí káàdì rẹ̀ sùn.

Ẹnì kan á bi mí pé, tó bá sùn, ta ló ń jí i? Torí ó máa ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ nígbà míì, a ó sì ní "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dé." Ọmọ-ọmọ Màmá ni. Tó bá gòkè lọ kó àpò òfìfo, á fi ìdí gbá tábìlì, mouse á mì, ẹ̀rọ á jí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí à ń dúró dè, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Ó dáa. Kí n tó lọ sí àwọn àsìkò yòókù, ẹ jẹ́ ká gbọ́ra yé lórí ohun tó ń já gan-an. Remote Desktop kì í gbé iṣẹ́ yín wá sórí laptop. Àwòrán ojú ẹ̀rọ ọ̀hún ló ń gbé bọ̀, bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ àti mouse tí ẹ sún ló ń gbé lọ. Iṣẹ́ gan-an kò kúrò níbi tó wà. Nítorí náà tó bá já, fèrèsé ló tì. Yàrá ṣì wà bó ṣe wà, ìwé tí ẹ ṣí ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ padà wọlé ẹ ó bá a níbẹ̀, àyàfi tí ẹnì kan bá ti ṣètò rẹ̀ pé kí wọ́n máa pa iṣẹ́ ẹni tó bá já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa pe ọmọ tó wà ní ọ́fíìsì pé kó lọ tẹ bọ́tìnì kó pa ẹ̀rọ kó tún un tàn. Òun gan-an ló ń pa iṣẹ́ yín, kì í ṣe jíjá tó já.

Nǹkan yìí kì í ṣe ti àná. Ọdún 1998 ni Microsoft ti gbé e jáde nínú Windows NT 4.0 tó jẹ́ ti Terminal Server. Ọdún 2001 ló wọ ẹ̀rọ orí tábìlì lásán pẹ̀lú Windows XP Professional. Ojúlé tó ń gbà ni port 3389. TCP nìkan ló ń gbà tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó di 2012, tí Windows 8 dé, ni wọ́n fi UDP kún un. Ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà fi dátà ránṣẹ́ síra wọn ni TCP àti UDP. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni èyí tó le jù nínú ọ̀rọ̀ òní wà.

Ẹ ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń já máńgòrò nínú ọkọ̀, nígbà tí ìgbà rẹ̀ bá dé ní ìlú wa yìí? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà já a. Àwọn kan á máa kà á: ó gbé agbọ̀n kan fún ọ, o gbà á, o ní "mo gbà," ó tó gbé èkejì. Tí agbọ̀n kan bá sọnù lọ́nà, gbogbo ìlà á dúró títí wọ́n á fi rí i. TCP nìyẹn. Àwọn kejì á kàn máa jù ú síra wọn, fíì, fíì, fíì. Èyí tó bá bọ́, ó bọ́, wọn ò ní dúró. UDP nìyẹn. Fún àwòrán ojú ẹ̀rọ, jíjù yá ju kíkà lọ, pàápàá tó bá jẹ́ dátà fóònù ni ẹ fi ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí Remote Desktop fi kọ́kọ́ máa ń wọlé pẹ̀lú TCP, kó tó wá gbìyànjú láti fi UDP kún un lẹ́yìn tó bá ti jókòó tán.

Ẹ wá gbọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ sójú táyé pé àwọn tó ń fi Windows 11 24H2, ẹ̀dà Windows 11 kan, wọ server (kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀) tó jẹ́ Windows Server 2016 tàbí èyí tó dàgbà jù ú lọ ń já kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 65, tí ìsopọ̀ náà bá ti gba UDP. 65 géérégé. Update oṣù kìíní ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ti oṣù kẹta ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀, kí oṣù kẹta sì tó parí, wọ́n ti gbé àtúnṣe jáde fún ẹni tó bá fẹ́ tètè gbà á. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, ó ti wà nínú update tí gbogbo èèyàn ń gbà.

Ẹ rí i bí àsìkò ṣe ń sọ̀rọ̀? Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì burúkú kì í mọ 65. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì burúkú a já ní ogún, a já ní igba, a tún dúró fún wákàtí méjì. Ohun tó bá ń já ní iye kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe òjò. Ẹ fi aago fóònù kà á. Tó bá ń bọ́ sórí ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má ra ráútà.

(Ọ̀gbẹ́ni kan láti ẹ̀yìn ní: "Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe máa mọ̀ pé UDP ló gbà?")

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Tí Remote Desktop bá kún ojú ẹ̀rọ, igi kan wà lókè tí orúkọ kọ̀ǹpútà wà lára rẹ̀. Ní apá òsì igi yẹn, ẹ ó rí ààmì kékeré kan tó dà bí ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù, olópòó-òpó. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Á sọ fún yín bí ìsopọ̀ ṣe dára sí, tó bá sì gba UDP, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé UDP is enabled. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ń wo ààmì yẹn fún ọdún márùn-ún tí a ò tẹ̀ ẹ́ rí.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ gba update tó pé, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù update ń bà yín báyìí, ọmọ tí ejò ti bù jẹ rí ni wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá update dúró láti oṣù kẹta ọdún yẹn ló dá àìsàn náà dúró sára. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pa UDP lórí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọlé. Lórí Windows Pro, ẹ tẹ gpedit.msc, ẹ gba Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, Remote Desktop Services, Remote Desktop Connection Client. Ẹ ó rí Turn Off UDP On Client níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí, ó ti mú èèyàn púpọ̀: Enabled lẹ máa yàn. Pípa lẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mo ti bá ibi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti yan Disabled, ó ní òun ti pa UDP, ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣépè fún ẹ̀rọ.

Lórí Windows Home tí kò ní gpedit, àṣẹ yìí ṣe iṣẹ́ kan náà:

reg add "HKLM\SOFTWARE\Policies\Microsoft\Windows NT\Terminal Services\Client" /v fClientDisableUDP /t REG_DWORD /d 1 /f

Ẹ pa Remote Desktop dé, ẹ tún un ṣí, ẹ tẹ ààmì olópòó-òpó yẹn, kí ẹ rí i pé kò dárúkọ UDP mọ́. Àmọ́ ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ayé. Lórí dátà tó ń ṣe ségesège, TCP nìkan máa ń wúwo, ẹ ó máa rí i tí àwòrán ń fà bí ìgbín. Ọjọ́ tí update bá pé, ẹ dá UDP padà.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́: ẹ̀rọ wo lẹ ṣe upgrade fún? Ti ọwọ́ yín ni, àbí ti ọ̀hún? Ti Màmá onírẹsì, ti òkè ni, ìyẹn èyí tí à ń wọ̀. Ti 65 yìí, ti ọwọ́ ni, ìyẹn èyí tí à ń fi wọlé. Ẹ ó rí èèyàn tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan tún server ṣe nígbà tó jẹ́ pé laptop orí itan rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àwọn àsìkò tó kù, mo máa sáré gba àárín wọn.

Tó bá jẹ́ pé ó ń já nígbà tí ẹlòmíràn bá wọlé, ẹ kì í ṣe aláìsàn, ìjókòó kan ṣoṣo lẹ̀ ń jà sí. Windows 11 Pro kì í gba èèyàn méjì níjòókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹlòmíràn bá fi orúkọ tí ẹ̀yin náà fi wọlé wọlé, yóò gba ìjókòó lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ á sì sọ fún yín ní gbangba pé ẹnì kan ti wọlé. A kì í ka ìkìlọ̀ yẹn ni, a kàn máa ń tẹ OK. Mo dé ọ́fíìsì kan tí ọkọ àti ìyàwó ti ń lo orúkọ kan náà láti ilé àti láti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ á wọlé, ìyàwó á bọ́ síta. Ìyàwó á wọlé, ọkọ á bọ́ síta. Wọ́n pè mí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dára. Mo ní ẹ lọ bá ara yín sọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ lọ sínú Event Viewer lórí ẹ̀rọ tí ẹ ń wọ̀, Applications and Services Logs, Microsoft, Windows, TerminalServices-LocalSessionManager, Operational. 21 ni ìgbà tí èèyàn wọlé, 24 ni ìgbà tó já, 25 ni ìgbà tó padà so. 40 ni kí ẹ fẹ́ràn jù, torí pé ó ń sọ nọ́ńbà ìdí tó fi já. Tí ìdí yẹn bá jẹ́ 5, ẹlòmíràn ló gba àyè yín. Tó bá jẹ́ 0, ẹ̀rọ náà ò ní àlàyé, ẹ padà sórí aago.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ wọlé láìsí wàhálà, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá ṣí àwòrán ńlá tàbí ìwé tó kún ló ń dì pa, tó sì jẹ́ pé VPN lẹ ń gbà, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì so ẹ̀rọ yín mọ́ ti ọ̀hún, ẹ fura sí ìwọ̀n ẹrù. Packet kan, ìyẹn ẹrù dátà kan, lórí wáyà ọ́fíìsì kì í ju 1500 byte lọ. VPN a máa di aṣọ tirẹ̀ lé ẹrù yín, aṣọ náà ń gba àyè. Ìdí nìyẹn tí VPN tó ń jẹ́ WireGuard fi máa ń lo 1420, tí èyí tó ń jẹ́ Tailscale ń lo 1280. Tí ohun kan lójú ọ̀nà ò bá gba ẹrù ńlá, àwọn kékeré á máa kọjá, àwọn ńlá á máa ṣègbé, ẹ ò sì ní gbọ́ igbe wọn. Ẹ dán an wò: ping -f -l 1472, kí ẹ wá kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ ọ̀hún tẹ̀ lé e, tó bá jẹ́ èyí tó ń dá ping lóhùn. Tó bá kọ̀, tó ní ó yẹ kí wọ́n fọ́ ẹrù náà sí wẹ́wẹ́, ẹ máa dín 1472 kù títí tí yóò fi kọjá. Ẹ fi 28 kún iye tó kọjá, ìyẹn ni MTU, ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù, tó yẹ kí ẹ fún VPN náà.

Tó bá ń já nígbà tí iná bá lọ tàbí tó bá dé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ẹ̀rọ wà lórí inverter, ráútà wà lórí ògiri. Àárín kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ráútà ti kú, ó sì ń gba ìṣẹ́jú méjì kó tó jí. Ẹ so ráútà mọ́ inverter. Kò jẹ iná tó ti gílóòbù kan.

Tó bá jẹ́ pé kò tilẹ̀ já, tó kàn ń ṣú dúdú tí ẹ sì ń gbọ́ dídún rẹ̀, ẹ wo driver àwòrán, ètò tó ń darí káàdì àwòrán, lórí ẹ̀rọ ọ̀hún kí ẹ tó wo nǹkan míì, pàápàá lórí tòkúnbọ̀ tó ti ju ọdún márùn-ún lọ. Tó bá sì jẹ́ pé kò wọlé rárá lẹ́yìn upgrade, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn: ẹ wò ó bóyá Windows ti ka nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sí Public, ìyẹn ti ìta gbangba, tí firewall, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Windows, sì ti tìlẹ̀kùn, tàbí kẹ̀ bóyá ẹni tó fi Windows sí i ti fi Home sí ibi tí Pro wà. Windows Home lè lọ kí èèyàn nílé o, kò lè gba àlejò.

(Arábìnrin kan béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnì kan ní ká kàn ṣí port 3389 sórí ráútà, pé á yá ju VPN lọ. Ṣé òótọ́ ni?")

Á yá. Á yá fún olè náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n rí ihò kan nínú Remote Desktop àwọn Windows àtijọ́ tí wọ́n pè ní BlueKeep. Ihò náà burú débi pé ẹni tó bá gbà á kò nílò password rárá, Microsoft sì ṣe àtúnṣe jáde fún Windows XP tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2014. Wọ́n ti dí ihò yẹn, àmọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń kanlẹ̀kùn 3389 kiri gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru kò tíì sùn. Password "admin123" kò ní rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, púpọ̀ nínú wa ló ń lo dátà fóònù ní ọ́fíìsì, àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n sì ń pín fún ọ̀pọ̀ èèyàn lórí irú rẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ ṣí port, ẹni tó wà níta ò ní rí ọ́fíìsì yín. VPN ni kí ẹ lò. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó wà ní àdúgbò Under G tó fẹ́ wọ ẹ̀rọ tó fi sílé láti yàrá rẹ̀, òun náà, VPN ni kó lò.

(Alàgbà kan níwájú: "Bí mi ò bá ráyè wo gbogbo log tó o kà yìí ńkọ́?")

Ẹ ṣé, bàbá. Fèrèsé dúdú kan tó. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ping -t àti àdírẹ́sì ráútà yín, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa sáré. Ẹ wá máa bá iṣẹ́ yín lọ lórí Remote Desktop. Nígbà tó bá já, ẹ wo fèrèsé yẹn. Tí ìdáhùn bá ṣì ń wọlé tìrítìrí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì inú ilé yín wà láàyè, ẹ wá ọ̀ràn sí ibòmíràn. Tí òun náà bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀ kan náà, a jẹ́ pé ráútà tàbí Wi-Fi ni. Mo ní kí ẹ fi ráútà dán an wò, kì í ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún, nítorí pé firewall Windows sábà máa ń kọ̀ láti dá ping lóhùn, ẹ ó sì rò pé ó ti kú nígbà tó jẹ́ pé ó kàn dákẹ́ ni.

(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Arábìnrin tó béèrè ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan tún nawọ́: "Sà, ráútà tí Màmá yẹn rà ńkọ́? Ṣé ẹ dá owó wọn padà?")

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Mo lọ bá Màmá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ̀bi mi ni. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò gba owó, kí n nu eruku orí ráútà àtijọ́, kí n gbé e padà sáyè rẹ̀, kí n gbé tuntun lọ fún ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi ìrẹsì dípò owó wọn. Ẹni náà wà níjòókòó níbí lónìí, ó wọ fìlà aláwọ̀ ewé. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti gbé ìrẹsì lọ.